Ilà Èédú àti Ilà Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri Afo

Òórùn ike tó ń jóná ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí mo bá ti rántí ọdún tí mo ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ní yunifásítì. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ọ̀wọ̀ ni mo jókòó sí lórí àpótí, mo ti ọ̀bẹ bọ iná èédú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n yòò, mo sì ń fi gé ọrùn àwọn ike omi ńlá mẹ́ta. Èéfín ń ta mí lójú, ike ń yọ́ mọ́ mi níka, màmá mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n káwọ́ mọ́ra, wọ́n ń wò mí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí nǹkan kan ò bá ti ní fáìlì, wọn ò gbà pé iṣẹ́ ni. "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé gíga nìyí? Ẹ wá di alágbẹ̀dẹ oníke?" Mo ní, "Màmá, òṣùwọ̀n òjò ni mò ń ṣe." Wọ́n pòṣé. "Òjò tí Ọlọ́run ń rọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n rí, ìwọ ló fẹ́ wọ̀n ọ́n." Wọ́n wọlé lọ, àmọ́ nígbà tó yá wọ́n mú àkísà tútù wá fún mi láti fi di ọ̀bẹ mú.

Jọ́gíráfì ni mò ń kà nígbà náà. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́dún àṣekágbá: ọ̀pọ̀ a wá iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, wọn a yọ orúkọ ìlú kan, wọn a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó parí. Orí kunkun mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ọ̀sẹ́ pé òjò yìí, òótọ́ ni, òjò yẹn, ẹ̀tàn ni, ẹ má tíì gbin nǹkan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní màá wọn òjò, màá gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, màá sì fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Ìdajì iṣẹ́ náà á jẹ́ ti Jọ́gíráfì, ìdajì á jẹ́ ti ẹ̀ka Yorùbá. Kò sẹ́ni tó rán mi, èmi ni mo ránra mi.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ka ìwé tí mo kọ, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Iṣẹ́ yìí ò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ẹ̀ka wo ló máa fún un ní máàkì?" Olùkọ́ obìnrin kan láti ẹ̀ka Yorùbá, tí mo bẹ̀ kí wọ́n bá mi wá, rẹ́rìn-ín. "Àdán tí ò ṣeku tí ò ṣẹyẹ, ṣebí ó ń fò, sà." Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ó dáa, kí n lọ ṣe é, àmọ́ nǹkan kan ni kí n fi sọ́kàn: bí nọ́ḿbà òjò mi ò bá dúró dáadáa, màá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú àkòrí tuntun. Ọdún kan gbáko, ọ̀rẹ́ mi! Àwọn ẹgbẹ́ mi á ti wọ kákí àgùnbánirọ̀, èmi á ṣì máa gbé ìwé lọ sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn. Mo ní, "Mo gbà, sà."

Bí mo ṣe gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta lọ sílé àgbẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀kan lọ sí Idogun, sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ìkejì lọ sí Arimogija, sọ́dọ̀ bàbá olóko kòkó kan. Àwọn méjèèjì mọ̀wé, wọ́n ń kọ tiwọn sínú ìwé. Ìkẹta lọ sí Afo, sọ́dọ̀ ìyá opó kan tó ń gbin àgbàdo àti iṣu sẹ́yìn ilé, tí mo sì ń pè ní Màmá Afo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń sọ Yorùbá inú ìwé sí wọn bí oníròyìn orí rédíò, àwọn náà sì ń dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, tòun ti ìbẹ̀rù, wọ́n rò pé àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ló rán mi. Nígbà tó sú mi, tí mo bú sí èdè Ọ̀wọ̀ ilé wa, ni wọ́n lu itan wọn pẹ̀rẹ́. "Háà, ṣé ọmọ wa nìyí! Kí ló dé tí o ti ń fi imú sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?" Láti ìgbà náà ni mo ti di ọmọ ilé.

Màmá Afo ò kàwé, nítorí náà mo fa ilà yí ike tiwọn ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ní láràárọ̀ kí wọ́n ka iye ilà tí omi dé, kí wọ́n fa iye kan náà sára ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí wọ́n sì da omi náà nù. Bí kò bá sí omi, kí wọ́n fi àmì róbótó kan síbẹ̀. Sátidé nìkan ni kí wọ́n má dà á nù, torí ọjọ́ náà ni mò ń bọ̀ wá fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Gbogbo Sátidé ni mo ń gun ọ̀kadà láti Ọ̀wọ̀, màá yọ fóònù, màá ya ògiri ní fọ́tò, màá jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo, màá sì kọrí sí ilé. Tí mo bá délé, màá ka ilà inú fọ́tò, màá kọ àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò dé, ó rọ̀ gan-an, ilẹ̀ mu omi yó. Gbogbo ayé gbé ọkọ́ àti irúgbìn. Màmá Afo ò mira. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní gbin àgbàdo ni?" Wọ́n na ọwọ́ sí igi ìrókò kan tó wà lọ́nà oko. "Ṣé o rí ewé lórí ẹni yẹn? Òjò yìí ń tan èèyàn ni. Ó máa lọ, ó máa pẹ́ kó tó padà wá. Ẹni tó bá gbìn báyìí, oòrùn ló gbìn fún." Ara mi yá gágá. Irú ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí gan-an nìyẹn! Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, mo sì ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kó ṣẹ, kí n lè fi han ọ̀gá ẹ̀ka wa.

Ó sì dà bíi pé ó ṣẹ, torí òfìfo, òfìfo, òfìfo ló kún inú ìwé Idogun àti ti Arimogija fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àgbàdo àwọn èèyàn ká ewé jọ, ó gbẹ. Àmọ́ nígbà tí mo bá dé Afo, omi ń bẹ nínú ike. Ilà mẹ́ta, ilà mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ní bóyá òjò yà síbẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ó dùn mí. Ẹni tó sọ pé òjò máa lọ, ilé tiẹ̀ gan-an lòjò ò kúrò! Mo jókòó, mo kọ orí kẹrin iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ pé àmì tí àwọn àgbẹ̀ ń wò ò ṣe é gbára lé. Ọ̀gá ẹ̀ka wa kà á, wọ́n sì mi orí. "Mo kúkú ti mọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ mi máa dùn mọ́ wọn nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gọ̀ tó, kí o lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Eruku ń bò mí láti Ìfọ̀n dé Afo ní gbogbo Sátidé yẹn. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, irun ojú mi a ti pupa. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé màmá yẹn là pẹẹrẹpẹ. Mo sì ń dúró lórí ilẹ̀ tó là yìí, mò ń kọ ọ́ pé òjò rọ̀, nítorí pé ike sọ bẹ́ẹ̀! Ìwé ti fọ́ mi lójú.

Sátidé kan wá dé, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi ní òun ní òkú láti sin ní Idogun, ká tètè jáde. Oòrùn ò tíì yọ dáadáa tá a fi dé Afo. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, mo sì rí Màmá Afo tí wọ́n dúró ti òṣùwọ̀n òjò mi, kọ́ọ̀pù lọ́wọ́, tí wọ́n rọra ń da omi sínú rẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ ní àgbo. Mo pariwo, "Yéè! Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Wọn ò tilẹ̀ ta gìrì. Wọ́n da èyí tó kù sí i tán, wọ́n wò mí. "Ṣé wọn kì í kí èèyàn láàárọ̀ mọ́ ní Ọ̀wọ̀ ni?" Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní, "Ike rẹ ni mò ń bu omi sí."

Wọ́n ṣàlàyé, ohùn wọn sì rọlẹ̀ bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n ní Sátidé kan wà, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, tí mo wá, tí mo bojú wo inú ike, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tí ojú mi sì fà ro. Mi ò jẹ iṣu wọn tán lọ́jọ́ náà. "Mo ní, ọmọ ọlọ́mọ wá láti Ọ̀wọ̀ nínú eruku, kó tún wá bá ohun tó gbé sí mi lọ́wọ́ lófìfo? Tí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ wá fún mi, mi ò dá abọ́ rẹ̀ padà lófìfo rí, bó ṣe iyọ̀ díẹ̀ ni, mo máa fi sí i. Ṣé ike tìrẹ ló wá yàtọ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Màmá, ẹ ti pa mí o!" Mo sọ fún wọn nípa ọ̀gá ẹ̀ka wa, nípa nọ́ḿbà tó gbọ́dọ̀ dúró, nípa ọdún kan tó máa gba ọwọ́ mi lọ. Ojú wọn yí padà. Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú mi, àmọ́ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ìbínú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Mo bu omi sí i o, mi ò purọ́ fún ọ. Dìde, wá wo ògiri." Wọ́n fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí tí Ọlọ́run rọ̀, èédú ni mo fi kọ ọ́. Èyí tí èmi bù, ṣọ́ọ̀kì ọmọ-ọmọ mi ni mo fi kọ ọ́. Àbí o rò pé oge ni mò ń fi àwọ̀ méjì ṣe? Mò ń retí kí o bi mí. O ò bi mí. O kàn ń ya fọ́tò, o ń lọ."

Mo ṣí fóònù mi. Lóòótọ́, ilà funfun ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òjò ti lọ, ó hàn kedere nínú gbogbo fọ́tò. Àmì róbótó èédú mẹ́fà, lẹ́yìn náà ilà funfun. Róbótó mẹ́fà, ilà funfun. Òjò tó mọ Sátidé, tí kì í rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn! Èmi tí mò ń gba oyè Jọ́gíráfì rò pé èédú ló tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà; èmi ò béèrè, mo sì ṣìnà dé gbangba. Bí mo ṣe yọ ilà funfun kúrò nínú ìṣirò mi, ọ̀dá ọ̀sẹ̀ márùn-ún yọjú ní Afo gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Idogun àti Arimogija. Gbogbo ohun tí màmá yìí sọ lábẹ́ ìrókò ló ṣẹ. Omi tí wọ́n fi inú rere bù sí ike mi ni mo fi ń sọ wọ́n di òpùrọ́ nínú ìwé.

Ìṣòro tó kù ni ohun tí màá sọ níwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní kí n yọ ilà funfun, kí n pa ẹnu mọ́. Ta ló máa mọ̀? Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nọ́ḿbà á dọ́gba, màá yege, ó tán. Tí mo bá sì sọ ọ́, tí ọ̀gá ẹ̀ka wa bá gbọ́ pé ẹnìkan da omi sínú òṣùwọ̀n, ọdún mi ti lọ nìyẹn. Mo gbé e tọ màmá mi lọ. Wọ́n ní, "Fáìlì tí wọ́n bá fa ìwé kan yọ nínú ẹ̀, àjákù rẹ̀ máa ń kù sídìí okùn. Kọ gbogbo ẹ̀." Mo ya orí kẹrin dànù, mo sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tòun ti èédú, tòun ti ṣọ́ọ̀kì, tòun ti abọ́ aládùúgbò.

Ọjọ́ tí mo dúró níwájú wọn, aṣọ mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn kí n tó la ẹnu. Ọ̀gá ẹ̀ka wa wà níbẹ̀, olùkọ́ ẹ̀ka Yorùbá wà níbẹ̀, pẹ̀lú bàbá àgbà kan láti yunifásítì mìíràn tó wá yẹ iṣẹ́ wa wò. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá yọ awò ojú wọn. "Ohun tí o ń sọ fún wa ni pé ẹnìkan da omi sínú òṣùwọ̀n rẹ, o sì tún wá síbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àná lẹ kun ṣọ́ọ̀kì mọ́ ògiri yẹn?" Mo kó àwọn fọ́tò tí mo ti tẹ̀ jáde síta, mo tò wọ́n sórí tábìlì, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, tọjọ́ tọjọ́. Bàbá àlejò fà wọ́n mọ́ra, wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ta ló tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí?" Mo ní màmá kan ni, ní Afo, wọn ò kàwé. Bàbá wò mí bí ẹni tó fẹ́ jẹ mí níyà. "Ẹni tó kọ òtítọ́ lọ́tọ̀, tó kọ àánú lọ́tọ̀, tí kò jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀, ìwọ ló ń pè ní ẹni tí ò kàwé?"

Orí mi wú títí mo fi rò pé gèlè ò ní wọ̀ mí mọ́. Mo yege, kì í ṣe díẹ̀, iṣẹ́ mi ló leke ní ẹ̀ka wa lọ́dún náà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀: èmi ni mo yan ọ̀nà náà, èmi ni mo gun ọ̀kadà, èmi náà ni mo ṣe àṣìṣe, tí mo sì dúró ti àṣìṣe mi níwájú àwọn àgbà. Ọ̀gá ẹ̀ka wa fúnra wọn ló pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà. "Fi orúkọ ìyá yẹn sójú ewé àkọ́kọ́. Kọ ọ́ tóbi."

Mo gbé ìwé náà lọ sí Afo nígbà tó jáde, tó ní èèpo líle. Òjò gidi ti dé nígbà náà, àgbàdo Màmá Afo ti ga dé èjìká mi. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó gbà á. Mo fi ibi tí orúkọ wọn wà hàn wọ́n, mo ṣí ibi tí fọ́tò ògiri wọn wà, wọ́n sì ń fi ìka tọ́ àwọn ilà náà, dúdú, funfun, dúdú. Mò ń retí kí wọ́n kí mi kú oríire. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gbà mí gbọ́?"

Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń dán wò. Mi ò mọ̀ pé màmá yìí náà ti ń gbé ẹjọ́ tiwọn kiri láti òwúrọ̀ ọjọ́ kọ́ọ̀pù yẹn. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ti di olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé nọ́ḿbà tiwọn wá bá. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n fi ọwọ́ sọ àyà kí n sọ iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn, ti Afo ni. Tí ọmọ kan bá gbé nọ́ḿbà tó mọ́ roro wá, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Mo di ọwọ́ Màmá Afo mú lọ́jọ́ náà, omi ṣì wà lára rẹ̀. "Wọ́n gbà yín gbọ́, Màmá. Èmi ni mo pẹ́ kí n tó gbà yín gbọ́."